Orúkọ Méjì fún Ọṣẹ Kan

Ọgbọ̀n ọdún ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń gbé ní Òkúkù fi gbẹ̀bí kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Màmá ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Nígbà tí ìjókòó lásán sú wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í po ọṣẹ dúdú mọ́ òrí àti oyin, wọ́n ń tà á fún àwọn ìyá ìkókó. Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn fi ń wá a wá láti Ìkìrun. Bí Màmá ṣe pè mí nìyẹn ní Inísà, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama ní ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà.

"Mo fẹ́ kí ọṣẹ mi wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì," ni wọ́n wí. "Ìwọ lo kàwé rẹ̀. Máa bọ̀."

Olùkọ́ kọ̀ǹpútà ni mí lóòótọ́, àmọ́ bí a ṣe ń tan ẹ̀rọ, bí a ṣe ń tẹ lẹ́tà, bí a ṣe ń pa ẹ̀rọ, ibẹ̀ ni ìmọ̀ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí sí. Mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún Màmá. Àwọn ni wọ́n gbẹ̀bí mi. Ẹni tó ti rí èèyàn ní ìhòòhò lọ́jọ́ tó dáyé, ó ṣòro láti tún jẹ́wọ́ níwájú rẹ̀ pé òpè lèèyàn.

Orúkọ la kọ́kọ́ rà. Wọ́n ní Ọṣẹ Ìyá ni kó máa jẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́, mo sì fi hàn wọ́n: oseiya. Wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n wò ó títí.

"Àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀ dà?"

"Níbi tí a ti rà á, wọn kì í gba àmì, mà."

"Báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ pé ọṣẹ ni? Òṣé ìyà ni mo kà síbẹ̀ yẹn."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo kàn ń bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbà.

Lẹ́yìn náà, mo gba àyè lórí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tó máa ń wà ní títàn tọ̀sán-tòru, lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ mìíràn. Mo kó àwòrán ọṣẹ síbẹ̀. Màmá rò pé ó ti parí.

"A ti ra orúkọ, a ti gba ilé. Kí ló tún kù?"

"Àwọn tó ta orúkọ kò mọ ilé tí a gbà, mà. Nọ́ńbà ni sáfà ń jẹ́. A máa kọ nọ́ńbà yẹn sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ wa lọ́dọ̀ wọn, kí ẹni tó bá pe orúkọ náà lè rí ọ̀nà débẹ̀."

"Bíi nọ́ńbà tí a ń so mọ́ ọmọ lọ́wọ́ nílé ìgbẹ̀bí?"

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, mà."

"Ó dáa. Má ṣe so ó mọ́ ọmọ ọlọ́mọ."

Ọmọ ọlọ́mọ náà ni mo so ó mọ́. Nígbà tí mò ń da nọ́ńbà náà kọ, mo fi ti ẹ̀yìn ṣíwájú níbì kan, mi ò sì mọ̀. Kí n tó dé ilé ìwé lọ́jọ́ kejì, Màmá ti fi àdírẹ́sì náà ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ wọn lórí Wọ́sáàpù. Àárín ìsinmi ìjẹun ni ìpè wọn wọlé.

"Táyà ni mo rí," ni wọ́n wí, ohùn wọn rọ̀ wọ̀ọ̀.

"Táyà kẹ̀, mà?"

"Táyà ọkọ̀ ńlá. Torí pé ó dúdú, mo kọ́kọ́ rò pé ọṣẹ ni."

Mo ṣí i lórí fóònù mi. Táyà ni lóòótọ́, oríṣiríṣi, ní èdè tí mi ò lè kà. Mo jókòó sí yàrá àwọn olùkọ́, mo tún nọ́ńbà náà ṣe. Àwọn tó ta orúkọ wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó lè tó ọjọ́ méjì kí àtúnṣe náà tó kárí ayé.

Nígbà tí ilé ìwé parí, mo gun ọ̀kadà lọ sí Òkúkù láti lọ tọrọ àforíjì. Lórí fóònù tèmi, ọṣẹ ti yọ. Lórí ti Màmá, táyà ṣì ni. Wọ́n gbé fóònù méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí tábìlì, wọ́n ń wo ọ̀kan, wọ́n ń wo èkejì.

"Fóònù tìẹ ń pọ́n ẹ lé ni," ni wọ́n wí.

Mo ní nọ́ńbà àná ló ṣì wà lọ́dọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiwọn, pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà máa gbàgbé rẹ̀ láìpẹ́. Ibi tí mo ti ń ṣàlàyé ni ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ìjọ wọn ti wọlé. Ó kúnlẹ̀, ó kí wa.

"Màmá, baálé mi ní kí n béèrè bóyá ẹ ní èyí tó máa wọ lọ́rì àwọn."

Màmá wò mí. Wọ́n wo obìnrin náà.

"Ó ti tán," ni wọ́n dá a lóhùn.

Lọ́jọ́ kẹta, ọṣẹ yọ lórí gbogbo fóònù tó wà ní Òkúkù, ọkàn mi sì balẹ̀. Àfìgbà tí a lọ gbé pátákó tí Màmá ní kí ayàwòrán kan ní Ìkìrun bá wọn kọ. Ó ya ìyá àti ọmọ, ó dára débi pé ọmọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ṣùgbọ́n ohun tó kọ sábẹ́ wọn ni osheiya.

"Ta ló ní kí o ti lẹ́tà kan bọ àárín rẹ̀?" ni mo bi í.

"Ẹ̀gbọ́n, ohun tí wọ́n kọ fún mi kò ṣe é kà sí ọṣẹ. Mo bá wọn tún un ṣe ni."

Mo ṣàlàyé pé lẹ́tà kan péré lè gbé èèyàn lọ síbòmíràn, pé kó jọ̀ọ́ pa á rẹ́. Ó ti ń mú búrọ́ọ̀ṣì kí Màmá tó gbọ́wọ́ sókè.

"Má pa á. Láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, òun nìkan ló yé pé ọṣẹ ni mò ń tà."

Bí a ṣe ra orúkọ kejì nìyẹn. Lọ́tẹ̀ yìí, pálọ̀ Màmá la ti ṣe é. Wọ́n ń pe nọ́ńbà náà fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo parí, wọ́n gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ mi, wọ́n fi ìka tọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin kí wọ́n tó ní kí n fi ránṣẹ́. Orúkọ méjèèjì wá ń já sójú ewé kan náà.

Mo ti ń retí Èkó tàbí òkè òkun. Ìbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Òkúkù níbí ni ẹni àkọ́kọ́ tó ránṣẹ́ fẹ́ ra ọṣẹ ti kọ̀wé wá, níbi tí ọ̀kadà ń dé kí èèyàn tó sọ̀rọ̀ tán. Màmá ò rán ẹnikẹ́ni. Wọ́n wọṣọ, wọ́n gbé ọṣẹ náà lọ fúnra wọn, wọn ò sì padà títí di ìrọ̀lẹ́.

"Abiyamọ tuntun ni," ni wọ́n sọ fún mi. "Omi tútù ló fi ń wẹ ọmọ. Mo bá a wẹ̀ ẹ́, mo kọ́ ọ."

Mo bi wọ́n bóyá obìnrin náà sọ èyí tó tẹ̀ nínú orúkọ méjèèjì. Wọ́n ní ọmọ náà ò jẹ́ kí àwọn ráyè béèrè.