Ìyá Ìbejì Mẹ́rin Nínú Àtẹ Kan

Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí bàbá akọ̀wé ìjọ wa ní Egan pè mí. Aago náà dá mi lójú torí ó ṣì wà nínú fóònù mi.

"Ọmọ mi, fọ́ọ̀mù tí o ṣe fún wa ń pa èèyàn rẹ́."

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ta ni fọ́ọ̀mù náà pa rẹ́?"

"Ìyá Ìbejì, èyí tó ń ránṣọ. Mo yan ọjọ́ fún un tán, nígbà tí mo tún wò ó, kò sí mọ́. Kí o tó kàwé jáde, bébà wa kì í ṣe báyìí."

Ìyá Ìbejì aránṣọ ló ran sùtánà tí mò ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí wọn ò lè fi òwú sójú abẹ́rẹ́ fúnra wọn mọ́. Àwọn dókítà ojú ń bọ̀ wá sí ìjọ wa láti Ọjọ́rú dé Ẹtì, àyẹ̀wò ọ̀fẹ́, awò ojú ọ̀fẹ́, àmọ́ ẹni tó bá ti yan ọjọ́ nìkan ni. Aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn la gbọ́dọ̀ fi orúkọ ránṣẹ́. Bí fọ́ọ̀mù mi bá pa Ìyá Ìbejì rẹ́, wọn ò ní rí dókítà nìyẹn.

Mo wọ kẹ̀kẹ́ láti Ìgàndó. Àtẹ ni mo ṣe sínú fọ́ọ̀mù náà. Ẹnì kan ló ni ìlà kọ̀ọ̀kan, àmì róbótó mẹ́ta ló sì tẹ̀ lé orúkọ rẹ̀: Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì. Rédíò là ń pe irú àmì bẹ́ẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí mò ń ṣe. Wọ́n ní ara rédíò àtijọ́ ni orúkọ náà ti wá, èyí tó jẹ́ pé tí o bá tẹ bọ́tìnnì kan wọlé, èyí tó ti wọlé tẹ́lẹ̀ á ta jáde. Àwọn àmì tó bá ń jẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ kan náà nìkan ló ń ta ara wọn jáde. Ìlà kan, ẹgbẹ́ kan. Bí mo ṣe rò pé mo ṣe é nìyẹn.

Mo bọ́ bàtà lẹ́nu géètì, mo wọ ọ́fíìsì. Bàbá akọ̀wé ní nẹ́tíwọ̀kì ló fà á. Mi ò gbà, mi ò sì jiyàn.

"Ẹ ṣe é lójú mi, sà."

Wọ́n yan Ọjọ́bọ̀ ní ìlà keje, ó dúró. Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lọ, kò sí nǹkan kan. Bí wọ́n ṣe tẹ Ẹtì ní ìlà kọkàndínlógún, ìlà keje ṣófo. Mo ní kí wọ́n tún tẹ ìlà keje. Ìlà kọkàndínlógún ṣófo. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ṣe é, bákan náà ló rí. Ohun tó bá ń tún ara rẹ̀ ṣe lọ́nà kan náà ní ìdí, mo sì ti sún mọ́ ọn.

"Ta ló wà ní ìlà kọkàndínlógún, sà?"

"Ìyá Ìbejì."

"Ìlà keje ńkọ́?"

"Ìyá Ìbejì náà ni, ṣùgbọ́n èyí tó ń ránṣọ nìyẹn. Èkejì ń gbé lọ́nà Àkẹ̀sán."

"Mélòó ni wọ́n nínú ìjọ wa?"

"Mẹ́rin. Àbí o fẹ́ kí n máa pe ìyá ọlọ́mọ ní orúkọ àbísọ ni?"

Ẹ̀rín pa mí. Orúkọ tó wà nínú ìwé ìjọ ni mo fi ṣe orúkọ ẹgbẹ́. Mo ń kí àwọn ìyá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, kò wá sí mi lọ́kàn rárá. Lójú ẹ̀rọ, ẹyọ Ìyá Ìbejì kan ló wà, ọjọ́ kan ṣoṣo ló sì lè yàn.

Mo yí i padà kí ìlà kọ̀ọ̀kan máa fi nọ́ńbà tirẹ̀ ṣe ẹgbẹ́. A yan ọjọ́ fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n dúró digbí. Bí kì í bá ṣe ọ́fíìsì ìjọ ni, ǹ bá ti fò sókè.

Àmọ́ ohun tó ti pa rẹ́ kò padà wá, bàbá akọ̀wé ò sì rántí ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni yàn. Wọ́n pe àwọn mẹ́ta lórí fóònù. Èmi sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ.

"Ọ̀gá kọ̀ǹpútà, wọ́n ní o pa mí rẹ́."

"Ẹ má bínú, mà. Ọjọ́ wo lẹ yàn?"

"Ọjọ́bọ̀. Ẹtì làwọn oníbàárà ń wá gba aṣọ, àbí kọ̀ǹpútà ẹ máa bá mi ran án ni? Gbà, bá mi fi òwú yìí sójú abẹ́rẹ́ kó o tó lọ jàre."

Mo fi í sí i. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá kí aago méjìlá lù nígbà tí a fi àtẹ náà ránṣẹ́ láti ọ́fíìsì.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn gbọ̀ngán. Nọ́ọ̀sì yọjú, ó pe Ìyá Ìbejì. Ìyá méjì dìde lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì tún wo bébà ọwọ́ rẹ̀.

"Nọ́ńbà keje."

Ọ̀kan jókòó. Mi ò mọ ohun tí dókítà rí, torí ibi iṣẹ́ mi pè mí kí Ìyá Ìbejì tó jáde. Ṣùgbọ́n aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún ni Ìyá Ìbejì aránṣọ wọlé. Ojú mi ló ṣe.