Wákàtí Mẹ́fà Bọ̀dá Fọláhàn

Bọ̀dá Fọláhàn ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìwádìí òfuurufú tó wà lẹ́bàá Greenbelt, nílùú òyìnbó tí à ń gbé. Ẹ̀rọ amúlétutù ni wọ́n ń tún ṣe níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n ta ló bi wọ́n? Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Riverdale Park, ohunkóhun tó bá ti ní ìyẹ́, àfi adìẹ nìkan, ọ̀dọ̀ wọn la ń gbé e lọ. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí àwọn fúnra wọn ti wọ bàálù gbẹ̀yìn.

Èmi Ọmọ́jọlá, nọ́ọ̀sì tó ń wọn oògùn fún aláìsàn lójoojúmọ́ láìṣàṣìṣe, èmi náà gbé tèmi lọ. Àrínọlá, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, fẹ́ wọ bàálù láti Tokyo lọ sí Delhi lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Mo ti pinnu pé n kò ní fẹnu kan omi títí yóò fi balẹ̀, mo wá fẹ́ mọ iye wákàtí tí ebi máa fi pa mí.

Bọ̀dá wo tíkẹ́ẹ̀tì náà lórí fóònù mi, wọ́n wúkọ́.

"Yóò gbéra láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, yóò balẹ̀ láago méjìlá òru. Ọmọ́jọlá, wákàtí mẹ́fà péré ni. Kí ló le níbẹ̀?"

"Ẹ ṣé o, Bọ̀dá. Orí yín pé."

Aago márùn-ún ìdájí tiwa ni bàálù gbéra. Láago mọ́kànlá, ìsìn ń lọ lọ́wọ́, mo yọ́ jáde, mo pe ọmọ mi. Kò lọ. Mo tún pè é. Kò lọ. Mo figbe ta: "Yéè! Mo gbé!" Pásítọ̀ pa ìwàásù tì, gbogbo ìjọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àdúrà wá bàálù tí kò sọnù. Bọ̀dá ló ń darí. Wọ́n ń bá ìjì wí, wọ́n ń bá òkè wí, wọ́n bá gbogbo nǹkan wí àfi ìṣirò wọn. Ẹnikẹ́ni ò rántí pé aago Tokyo fi wákàtí mẹ́ta àbọ̀ ṣíwájú ti Delhi.

Mo ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ báyìí, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, mo ti sin ọmọ mi nínú ọkàn mi. Mo ti ń ro ẹni tí màá kọ́kọ́ sọ fún.

Aago mẹ́ta ku ogún ìṣẹ́jú ni fóònù dún.

"Mọ́mì, kí ló dé?" Àrínọlá ni, pẹ̀lú Yorùbá rẹ̀ tó ń gba imú jáde. "Ẹ pè mí nígbà mọ́kànlélógójì! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀ ni. Wákàtí mẹ́sàn-án àbọ̀ ni, ó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì."

Ìjọ hó yèè. Bọ̀dá nu òógùn ojú. "Bi í pé aago mélòó ló lù níbẹ̀."

"Méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

"Ẹ gbọ́ àbí ẹ ò gbọ́? Kí ni mo wí?"

Mo lanu kí n sọ̀rọ̀ sí wọn, ẹkún ló jáde. Mo sunkún débi pé n kò lè dá ọmọ lóhùn. "Mọ́mì? Mọ́mì, ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?"

Bọ̀dá wò mí títí. Wọ́n rọra gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n kọ̀yìn sí ìjọ.

"Ọmọ mi, má bínú," ni wọ́n wí. "Èmi ni mo ṣi aago kà."