Ìkòkò Tí Ìyá Mi Dà Dojú Dé

Láàárọ̀ yìí ni ìyàwó ọmọ mi fọ abọ́ tán, ó sì da ìkòkò ọbẹ̀ dojú dé sórí pákó. Mo gbọ́ ìró rẹ̀ láti pálọ̀. Mo dìde tòun ti orúnkún tó ń dùn mí yìí, mo lọ yí i padà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, eruku á wọ̀ ọ́ o." Kí ló fẹ́ mọ̀? Ní Simawa níbí, láàárín ilẹ̀ Rẹ́mọ, ta ló mọ òkun?

Èmi mọ̀ ọ́n díẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi ìgbà òjò, ìyá mi á di gààrí àti obì sínú apẹ̀rẹ̀, a ó wọ ọkọ̀ dé Ẹ̀pẹ́, a ó sì la ọ̀sà kọjá lọ sí abúlé apẹja tí àbúrò rẹ̀, Ìyá Lékan, lọ́kọ sí. Òórùn ẹja ṣawá tí wọ́n ń yan níbẹ̀ máa ń wọ aṣọ wa débi pé, bí a bá padà délé, ológbò wa kì í fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Lékan, ẹgbẹ́ mi, ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sá fún ìgbì. Ọmọ oko ni mí. Omi tí mo mọ̀ kò ju odò tí a ti ń rẹ ẹ̀gẹ́ lọ. Ẹ̀rù òkun yẹn ń bà mí, mi ò ní purọ́.

Lọ́jọ́ kan, Bàbá Lékan àti ọkùnrin méjì gbé àwọ̀n lọ sójú òkun kí oòrùn tó yọ. Ìyá mi, tí kò lè jókòó lásán, fọ gbogbo ìkòkò ilé, ó sì dà wọ́n dojú dé bí gbogbo ọmọ Rẹ́mọ ṣe ń ṣe, kí omi lè ro, kí aláǹgbá má baà wọ̀ wọ́n. Ìyá ọkọ Ìyá Lékan ló jáde síta tó rí i. Kò pariwo. Ó kàn ní, "Ta ló ṣe èyí? Ọkọ̀ wà lókun."

Lọ́dọ̀ tiwọn, bí ìkòkò ilé bá ṣe wà ni ọkọ̀ ẹni tó ni ilé náà ṣe ń wà lójú omi. Kíá ni ìyá mi yí gbogbo wọn padà.

Kò pẹ́ tí ojú ọ̀run fi ṣú. Afẹ́fẹ́ dé, òjò tẹ̀ lé e. Àwọn ọkọ̀ yòókù ń gúnlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wọ́ wọn gorí iyanrìn, a ò rí tiwa. Àwọn obìnrin dúró létí omi, kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹnikẹ́ni. Lékan di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ìyá rẹ ti yí wọn padà, àbí?" Mo ní ó ti yí wọn padà. Ó tún bi mí.

Ìyá mi jókòó sínú òjò níwájú ilé, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì há ìkòkò tó tóbi jù kí afẹ́fẹ́ má baà dà á dojú dé. Ẹ̀rù ń bà á pé ọwọ́ òun ló fẹ́ sọ àbúrò òun di opó. Ìyá Lékan wá jókòó tì í.

Ọjọ́ ti ń rọ̀ kí ọkọ̀ náà tó yọ, láìsí àwọ̀n, tòun ti àjẹ̀ ìtukọ̀ kan ṣoṣo. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú rẹ̀. Bàbá Lékan dé iwájú ilé, ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá mi, ó fi ọwọ́ bu omi òjò inú ìkòkò náà mu. "Ọkọ̀ dojú dé, ẹ̀gbọ́n," ó ní. "A dì mọ́ ìdí rẹ̀ títí agara fi dá wa. Ìgbì kan ló ṣàdédé yí i padà."

Kò sẹ́ni tó bi í pé ìgbà wo ni. Títí ìyá mi fi kú, kò da ìkòkò dojú dé mọ́.

Bàbá Lékan darúgbó kó tó kú, orí ẹní rẹ̀ ló kú sí. Ilé ti gba ilẹ̀ oko wa, inú fìríìsà ni ìyàwó ọmọ mi ti ń ra ẹja. Ọmọ ìjọ ni mí, mi ò sì lè sọ fún pásítọ̀ pé mo gba ọ̀rọ̀ ìkòkò yẹn gbọ́. Ṣùgbọ́n Lékan ò tíì fi òkun sílẹ̀, tòun ti ewú orí rẹ̀. Mo pè é láàárọ̀ yìí, ìyàwó rẹ̀ ló gbé fóònù. Ó ní wọ́n ti lọ látàárọ̀ kùtù, wọn ò tíì dé.

Ẹ jẹ́ kí eruku wọ̀ ọ́. Eruku ṣeé fọ̀.