Ìdúpẹ́ Tí Mo Gbé Láti Akanran Lọ sí Akínyẹlé

Àkùkọ Bàbá Gbádébọ̀ ló kọ kí n tó ti ilẹ̀kùn mi ní Akanran. Ìkùukùu bo ojú ọ̀nà bí ẹni ta aṣọ funfun sórí igi kòkó. Mo ká ìborùn Dọ́káàsì, ìyàwó mi, sínú àpò, mo sì rọra ń rìn, torí irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀ làwa méjèèjì máa ń jọ lọ sóko. Ó dà bíi pé mo ṣì ń gbọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́yìn mi.

Kòfí ni mo ń lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ Tógò ni, ọ̀kan nínú àwọn tí iléeṣẹ́ ọlọ́dẹ kan kó wá láti máa ṣọ́ oko adìẹ tó wà lẹ́bàá wa. Òun ló kọ́ Dọ́káàsì ní “akpe”, ìyẹn “ẹ ṣé” lédè wọn, Dọ́káàsì sì ń fi dúpẹ́ kiri ìlú. Ọjọ́ tó ṣubú lọ́nà odò, Kòfí ló pọ̀n ọ́n dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. Nígbà tí mo toko dé, ilé dá, ọbẹ̀ sì ti jóná. Mi ò bá a láàyè mọ́. Kí a tó sin ín, iléeṣẹ́ rẹ̀ ti gbé Kòfí lọ ṣọ́ oko mìíràn ní Akínyẹlé.

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ru aláìsàn ẹni, ẹsẹ̀ la fi ń lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe fóònù. A sì máa ń mú nǹkan ara olóògbé dání fún un.

Súlè ọmọ Láṣúpọ̀ ló fi mọ́tò gbé mi dé ìgboro. Mo sùn, mo jí, mo tún sùn. Ní Òjòó, mo jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà. Àkàrà wọn tóbi ju ti Akanran lọ, ṣùgbọ́n kò láta. Dọ́káàsì ì bá ní kí wọ́n wá kọ́ṣẹ́. Lẹ́yìn Mọ́níyà, eruku ọkọ̀ ńlá rọlẹ̀, oko ẹ̀gẹ́ sì ń kọjá lójú fèrèsé bí omi.

Wàídì ló fi ọ̀kadà gbé mi láti Akínyẹlé.

“Bàbá, oko táwọn Àgànyìn ń ṣọ́ lẹ̀ ń lọ? Àwọn yẹn kì í kí èèyàn o! Ẹ kí wọn, bí ẹni kí ògiri ni.”

“Tèmi ń kíni,” ni mo dá a lóhùn.

Mo rí i lókèèrè nídìí géètì. “Kòfí! Kòfí ọmọ mi!”

Kò rẹ́rìn-ín. “Ta lẹ̀ ń wá, Bàbá?”

Ọ̀gá wọn, ọmọ Yorùbá, jáde. “Ẹ káàsán, Bàbá. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n rí ni?” Èmi ló ń bi, Kòfí ló ń wò. “Torí pé wọn ò mọ ẹnì kan la ṣe lọ kó wọn wá láti ọ̀nà jíjìn. Ọmọ ìlú á ṣí géètì fún ẹbí rẹ̀. Èyí tó bá ti lẹ́ni tó ń kí i, a ó gbé e kúrò. Tó bá di ẹlẹ́ẹ̀kejì, ilé ló ń lọ.”

Ìgbà yẹn ló yé mi pé nítorí Dọ́káàsì ni wọ́n ṣe gbé e kúrò lọ́dọ̀ wa. Èmi sì rèé, mo tún wá ń pariwo orúkọ rẹ̀.

Èmi tí mo mọ orúkọ gbogbo ọmọ tí wọ́n bí ní Akanran, mo fẹnu ara mi sọ pé: “Rárá o. Gbogbo Àgànyìn ni mo máa ń pè ní Kòfí.”

Ọ̀gá náà bú sẹ́rìn-ín. “Bàbá, ẹ ò dáa!”

Mo ní mo ṣìnà ni, òùngbẹ sì ń gbẹ mí. Ọlọ́dẹ kò gbọdọ̀ kúrò nídìí géètì, nítorí náà ọ̀gá fúnra rẹ̀ lọ bu omi.

Kòfí kò yíjú sí mi. Ọ̀nà ló ń wò. “Bàbá, nígbà tí mo pọ̀n Màmá, wọ́n ní kí n sọ fún yín pé ọbẹ̀ wà lórí iná.”

Kí n tó lanu, ọ̀gá ti dé. Mo gba omi, mo mu ún. Mo wo ẹ̀yìn ọ̀gá, níbi tí Kòfí dúró sí, mo ní, “Akpe.”

“Kí nìyẹn, Bàbá?”

“Bí ìyàwó mi ṣe máa ń dúpẹ́ nìyẹn.”

Mo fi ìborùn Dọ́káàsì sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì bí arúgbó onígbàgbé. Kòfí kò pè mí padà.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí mo délé. Ìkòkò ọbẹ̀ tó jóná lọ́jọ́ yẹn ṣì wà níbi tí mo gbé e sí. Mi ò tíì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ìrìn náà kọ́ mi pé ọpẹ́ kan wà tó jẹ́ pé ẹni tó bá máa dá a, yóò kọ́kọ́ sẹ́ ẹni tó ń dá a fún. Mo bomi, mo wa eérú, mo jókòó ti ìkòkò náà. Bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́ ni mo ń pe Kòfí lórúkọ, sókè dáadáa, níbi tí kò ti lè pa á lára.