Bàbá Páìpù Ya Ikùn Ara Rẹ̀

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún Bàbá Páìpù, bí dókítà ṣe ká aṣọ kúrò ní ikùn rẹ̀ báyìí, ẹ̀rín pa á. Bàbá ti fi bírò ya gbogbo inú rẹ̀ sójú awọ! Ọ̀nà ọ̀fun wá láti òkè, ó já sínú àpòlúkù; ìfun kékeré lọ́ káàkiri ìdodo, ìfun ńlá yí i ká, ọfà kan sì kọrí sísàlẹ̀: "Ìdọ̀tí gba ibí."

Ojú ti ìyàwó rẹ̀ tó dúró tì í, bí ẹni pé òun ló yà á. Ẹ̀rù sì ń bà á. Dókítà ti sọ fún un pé ìrù kékeré tó wà nídìí ìfun ńlá, tí wọ́n ń pè ní apẹ́ńdíìsì, ti wú, tó bá sì bẹ́ sínú, ọkọ rẹ̀ lè kú. Ọkọ ọ̀hún kò sì tíì fọwọ́ sí ìwé àṣẹ iṣẹ́ abẹ.

"Ọmọ mi," ni Bàbá wí fún dókítà, "láti ogójì ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ páìpù omi, n kì í fọ́ ògiri ẹnikẹ́ni láì kọ́kọ́ fi ṣọ́ọ̀kì ya ibi tí páìpù gbà. Ìwọ náà, ka ọ̀nà yìí fún mi kí o tó ṣí mi."

Dókítà mí kanlẹ̀, ó kà á láti ẹnu títí dé ìdí.

"Ìfun kékeré ńkọ́? Báwo ló ṣe gùn tó?"

"Ó tó mítà mẹ́fà, Bàbá."

"Mítà mẹ́fà! Nínú ikùn yìí? Kí ni wọ́n ń fi gbogbo kọ́nà yẹn ṣe?"

"Ibẹ̀ ni ara ti ń fa oore inú oúnjẹ. Tó bá kúrú, ẹ máa jẹun, kò ní hàn lára yín."

"Háà. Ẹni tó tò ó mọṣẹ́."

Sùúrù tán nínú ìyàwó. "Olówó orí mi, tí ẹ bá kú síbí, bírò yìí náà ni mo máa fi kọ ọ́ sójú sàréè yín pé agídí ló pa yín!"

Wéré, Bàbá fọwọ́ sí ìwé náà. "Ṣùgbọ́n ibi tí mo sàmì ìrù yẹn sí ni kí ẹ là o."

"Bàbá, apá òsì lẹ sàmì sí. Apá ọ̀tún ni ìrù náà wà."

"Bó ṣe wà nínú ìwé tí mo wò yà á nìyẹn!"

"Ẹni inú ìwé kọjú sí yín ni, ọ̀tún rẹ̀ ló bọ́ sí òsì yín. Ibo ló ń dùn yín gan-an?"

Bàbá fọwọ́ kan apá ọ̀tún. "Ìrora ló ṣìnà," ó ní. "Kì í ṣe bírò mi."

Ó yè é. Ọdún mẹ́wàá gbáko ló tún fi ń dá àlejò dúró nídìí oúnjẹ: "Jẹ ẹ́ kó kúnná! Àpòlúkù ò léyín!" Lọ́jọ́ kan ó sùn, kò jí mọ́. Ilé wá dákẹ́ jù fún ìyàwó rẹ̀.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, páìpù omi ilé ìdáná dí. Oníṣẹ́ páìpù mìíràn dé tòun ti òòlù. "Màmá, a máa fọ́ ògiri o."

"Ògiri ọkọ mi? O ti yà á ná?"

Wọ́n sún kọ́bọ́ọ̀dù kúrò. Ṣọ́ọ̀kì Bàbá ló wà lára ògiri, ó ya ọ̀nà páìpù bí inú ènìyàn láti òkè dé ìsàlẹ̀: ẹnu, ọ̀fun, ìfun. Níbi kọ́nà kan ó kọ ọ́ pé: "Ibí ló máa ń dí. Ẹ tú u, ẹ má fọ́ nǹkan kan. Ẹ má jẹ́ kí ìyàwó mi máa fi garawa pọn omi."

Wọ́n tú u. Omi ṣàn.

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Alágídí yìí," ó ní, "àárò yín mà ń sọ mí o." Nígbà tí oníṣẹ́ fẹ́ sún kọ́bọ́ọ̀dù padà, màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Fi í síbẹ̀ yẹn, jàre. Mo fẹ́ máa rí i."