Omi Ẹja Tó Ń Hó

Mo mọ páìpù. Àpótí gíláàsì tí mo fi ń sin ẹja ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ agboolé wa ní Bẹ́yẹrúnkà, èmi ni mo fọwọ́ ara mi so gbogbo páìpù rẹ̀. Omi á ṣàn látinú rẹ̀ bọ́ sínú ike ńlá kan lẹ́yìn ògiri, pọ́ǹpù á sì fà á padà.

Nítorí náà, nígbà tí omi tó ń padà wọlé bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí omi ọṣẹ, mi ò pe ẹnikẹ́ni. Afẹ́fẹ́ ló wọ páìpù. Mo tú gbogbo oríkèé rẹ̀, mo fi gọ́ọ̀mù tuntun dí wọn. Láràárọ̀ tí mo bá rọ omi kún ike, kò ní hó rárá. Bí wọ́n bá ti pe ìrun Alásárì báyìí, ó di híhó.

Inú bí mi. Páìpù wo ló mọ àkókò ìrun?

Lọ́jọ́ kan, bí wọ́n ṣe pe ìrun ni mo sáré yí ògiri ká. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló bẹ̀rẹ̀ sídìí ike, tí wọ́n ń bu omi sí kẹ́tùlù àlùwàlá wọn. Àwọn àgbà agboolé tò sẹ́yìn wọn, tàwọn ti kẹ́tùlù. Omi ti lọ sílẹ̀, ẹnu pọ́ǹpù ti yọ síta, afẹ́fẹ́ ló ń fà.

"Bàbá, omi ẹja nìyẹn o!"

"Omi tó ń ṣàn, tó mọ́ lóló báyìí?"

"Ẹja ń yàgbẹ́ sínú ẹ̀ tọ̀sántòru!"

Bàbá rọra da omi kẹ́tùlù wọn padà sínú ike.

"Ó dáa. Gbogbo ìrun tá a ti fi omi yìí kí látọjọ́ tó o ti gbé e síbí, ìwọ lo máa bá wa tún un kí."