Ọkọ̀ Mi Ti Bàjẹ́

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Orin táwọn ọmọ onígìtá ń kọ ní Ìyànà Ìbà lónìí, táwọn akọrin aláṣọ funfun pàápàá ti ki orúkọ Jésù bọ inú ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ni ín. Ẹnikẹ́ni ò sì rántí ẹ̀.

Ìyàwó sọ́jà ni, nínú bárékè Ọ̀jọ́. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, òun, onídìrí kan àti nọ́ọ̀sì kan dá ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì sílẹ̀. Àwọn aládùúgbò ní ariwo lásán ni. Ọkọ ẹ̀ ní òun á gbà kí wọ́n ṣeré lẹ́ẹ̀kan péré níwájú àwọn ọ̀gá òun. Tí wọ́n bá dójú ti òun, òun á ta gìtá náà.

Èmi tíṣà ni wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ orin. Mo kọ ọ́ nípa ìjàpá, ọkọ̀ kékeré ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, tó máa ń kú sójú títì: "Ọkọ̀ mi ti bàjẹ́, ẹ bá mi tì í." Mo fàmì sí i dáadáa. Ṣùgbọ́n rọ́ọ̀kì ò mọ àmì ohùn. Lọ́jọ́ eré, bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe fa ohùn sókè níwájú àwọn ọ̀gá, ọkọ̀ di ọkọ:

"Ọkọ mi ti bàjẹ́, ẹ bá mi tì í."

Ìyàwó sọ́jà kan dìde lẹ́yìn. "Tèmi náà ti bàjẹ́. Ibo la máa ti tiwa sí?"

Ni gbogbo obìnrin bá gbè é. Àwọn ọ̀gá ń rẹ́rìn-ín. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ò rẹ́rìn-ín.

"Àna mi, ta ló kọ ọ́?"

"Bọ̀dá, ọkọ̀ ni mo kọ. Mo fàmì sí i."

"Mi ò gbọ́ àmì kankan."

Ó gba gìtá lọ́wọ́ ìyàwó ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń wò mí bíi pé èmi ni mo gbà á.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bọ̀dá kanlẹ̀kùn mi ní Igbó-Elérin. Ìjàpá ti kú síwájú ilé. Gìtá wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn.

"Tì í dé Ìyànà Ìbà, kó o máa kọrin ẹ lọ, káyé mọ èyí tó bàjẹ́ nínú ọkọ àti ọkọ̀. Tí àmì bá pé, màá dá gìtá padà."

Mo ń tì, mo ń kọrin, mo ń mí hẹlẹhẹlẹ. Níbi tí mo ti ń mí ni àmì ti já bọ́. Àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ ní Ìyànà Ìbà bá mi tì í, wọ́n sì gba orin lẹ́nu mi: ọkọ mi ti bàjẹ́. Mo ní ó tán. Àfi bí mo ṣe rí ọwọ́ Bọ̀dá lójú fèrèsé, tó ń lu ilẹ̀kùn ọkọ̀ sórin náà.

"Gbé gìtá fún ẹ̀gbọ́n ẹ," ló wí. "Ṣùgbọ́n ìwọ, má kọ̀wé fún wọn mọ́."